Ìpá tó ń fa ọ̀nà ìtọ̀: Ẹ má fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa n'Ílobùú, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti agbègbè wọn, ọ̀rọ̀ ìpá la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń gbé e sábẹ́ ṣòkòtò fún ọdún gbọọrọ nítorí ìtìjú, tí wọ́n á kàn máa mu àgbo sí i.

Kí ni ìpá gan-an? Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló máa ń là, tí ìfun á gbabẹ̀ yọ, nígbà mí-ìn títí dé inú kórópọ̀n. Iṣẹ́ agbára, ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, fífi ipá yàgbẹ́ tàbí tọ̀ máa ń dá kún un. Àgbo kò lè dí ihò náà, iṣẹ́ abẹ ló ń dí i.

Àmọ́ kì í ṣe ìfun nìkan ló ń yọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró tó ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín wá sínú àpò ìtọ̀ lè bá ìpá lọ. Láti ọdún 1880 làwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún lè gba ihò egungun ìbàdí yọ sábẹ́ ìdí, ìyẹn sì tún ṣọ̀wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá ti ká kò, ìtọ̀ kò ní í ráyè kọjá, kíndìnrín á wú, bó bá sì pẹ́, ó lè kú. Ó lè má dun èèyàn rárá.

Ẹ ṣọ́ àwọn àmì yìí:
• ìpá tó ń bá ìrora ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn rìn;
• ìtọ̀ tó ń ta tàbí tó léjẹ̀, pẹ̀lú ibà;
• ìtọ̀ tí kì í tán àfi téèyàn bá fọwọ́ tẹ ìpá. Èyí lè jẹ́ pé àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ló ti wọnú ìpá.

Fífọwọ́ kàn án nìkan kò lè fi í hàn. Irú scan tí wọ́n fi ń wo aláboyún lè fi hàn bí kíndìnrín bá wú. CT scan ló ń fi ibi tí ọ̀nà ìtọ̀ gbà hàn kedere. Ẹ sọ gbogbo àmì wọ̀nyí fún dókítà kó tó ṣiṣẹ́ abẹ, torí ọ̀nà ìtọ̀ náà lè fara jọ ọ̀rá, wọ́n sì lè ṣèèṣì gé e.

Nípa ìtọ́jú, wọ́n lè kọ́kọ́ ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá a padà sáyè rẹ̀, wọ́n á sì dí ibi tó là. Bí apá kan rẹ̀ bá ti bàjẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á sì so èyí tó kù pọ̀.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú, UNIOSUN Teaching Hospital l'Óṣogbo kò jìnnà.

Ẹ̀yin ìyá, bí ìsàlẹ̀ ikùn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan bá ń wú nígbà tó bá ń ké, ẹ má dúró kó dàgbà, ẹ gbé e lọ. Ìdodo tó yọ yàtọ̀ síyẹn; púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń wọlé fúnra rẹ̀.

Bí ìpá bá dédé le, tó ń roni, tí kò wọlé mọ́, téèyàn sì ń bì, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ dé ilé ìwòsàn. Ẹ má fipá tì í.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa kíndìnrín yín.