Ohun Ìṣeré Kérésìmesì Lè Kọ́ Ọmọ Yín Ní Gẹ̀ẹ́sì

Bí àwọn ọmọ bá wọlé padà sílé ẹ̀kọ́ ní oṣù kìíní ọdún, ẹ̀yin òbí mọ iṣẹ́ tí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì máa kọ́kọ́ fún wọn: “How I Spent My Christmas Holiday.” Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí àwa náà wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí a kọ nígbà náà sì ni àwọn ọmọ wa ṣì ń kọ: mo jí, mo fọ ẹnu, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tuntun, a jẹ ìrẹsì àti adìẹ, inú mi dùn púpọ̀. Ogójì ọmọ nínú kíláàsì, ogójì ìwé tó jọra bí ìbejì.

Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ náà kò pé. Àkòrí náà ló fẹ̀ jù fún wọn. Níbo ni ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú odindi ìsinmi? Á kúkú sá lọ bá gbólóhùn tó ti há sórí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yẹn kan náà nípa ọkọ̀ ìṣeré pupa tí bàbá rẹ̀ àgbà rà fún un lọ́jọ́ Kérésì, ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ kò ní í dákẹ́: bó ṣe ń pariwo, iná tó ń tàn níwájú rẹ̀, táyà kan tí kò tò dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Ohun ìṣeré yẹn ni kí ẹ fi kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì kíkọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi agolo sàdíìnì ṣe, tó gé bàtà sílípáàsì gbígbó fi ṣe táyà rẹ̀, dára ju èyí tó ti ọjà wá lọ, nítorí ọmọ náà rí i bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má fo ojú ìwé yìí. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn ọmọ yín náà máa ń gba awò ojú oníke àti aago oníke lọ́jọ́ Kérésì, bí àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń gba ẹran Iléyá?

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ òbí ti yàtọ̀ nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, pàápàá láàárín àwa tí a ń gbé ní ẹ̀yìn odi, ní Kánò, ní Jos, ní Port Harcourt tàbí ní Accra, wọ́n ti fòfin de Yorùbá kí Gẹ̀ẹ́sì lè yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ọmọ á dákẹ́, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ lọ.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn kò rẹ̀yìn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé ohun ìṣeré náà sórí tábìlì, kó ròyìn rẹ̀ ní Yorùbá bí ẹni tó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá àgbà kò rí i, gbogbo rẹ̀ ni kó sọ. Lẹ́yìn èyí, kó mú ohun márùn-ún nínú ohun tó sọ, kó kọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn márùn-ún ti tó fún ìjókòó kan. Yóò yà á lẹ́nu pé ó ti mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀: táyà, bátìrì, wáyà, mótò. Gẹ̀ẹ́sì tó ti wọ agbádá ni gbogbo wọn. Sípẹ́lì wọn nìkan ló kù.

Níbi tí Yorùbá ti ń fa ọwọ́ ọmọ sẹ́yìn

Àṣìṣe tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni èyí: “My grandfather, they bought it for me.” Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bínú. Ọmọ tí ẹ ti kọ́ nílé dáadáa ló kọ ọ́. Kò lè sọ pé bàbá àgbà “rà á” láìfi “wọ́n” ṣáájú, ìyẹn ló gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣàlàyé fún un pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi “they” bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, àti pé “he” tó kọ fún bàbá àgbà kì í ṣe àfojúdi. Àwọn ọmọ mìíràn kì í fẹ́ gbà. Wọ́n á wo ojú yín bóyá ẹ ń dán wọn wò ni.

Bí ohun ìṣeré náà bá jẹ́ bèbí, ọ̀rọ̀ akọ àti abo ló kàn. “Ó” kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Ọmọ á pe bèbí ní “he” ní ìlà kìíní, á sọ ọ́ di “she” ní ìlà kejì. Ẹ jẹ́ kó sọ bèbí náà lórúkọ, kó sì kọ ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́: “She opens her eyes. She is wearing her blue dress.” Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò àti Kàdúná ní ìrànlọ́wọ́ kan níbí. Bí ọmọ yín bá ń bá àwọn ọmọ Hausa ṣeré, ó ti mọ ìyàtọ̀ yìí láìmọ̀: “ya faɗi” ló máa ń sọ bí ọkùnrin bá ṣubú, “ta faɗi” bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ẹ rán an létí “ya” àti “ta”, “he” àti “she” á yé e kíá.

Ti ọkọ̀ ìṣeré yàtọ̀. Ẹ̀yìn orúkọ ni Yorùbá ń gbé ọ̀rọ̀ àpèjúwe sí, iwájú ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé tirẹ̀ sí, ó sì ní bó ṣe ń tò wọ́n: bó ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é. “A small red plastic car.” Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí bébà pélébé, kí ọmọ máa tò wọ́n bí ayò.

Ẹ̀yin ará Èjìgbò tí ẹ wà ní Abidjan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́nà mìíràn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé láti Côte d’Ivoire á gba Gánà, Tógò àti Benin kọjá, ọmọ á sì bọ́ sílẹ̀ ní Èjìgbò pẹ̀lú Yorùbá àti Faransé lẹ́nu, láìní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ní kó dúró kàwé nílé, wọ́n lè dá a padà sí kíláàsì tó ti kọjá. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa á máa jókòó pẹ̀lú àwọn tó kéré sí i nítorí èdè. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á kọ “I have nine years”, nítorí bí Faransé ṣe ń ka ọjọ́ orí nìyẹn. Á pe ọkọ̀ ìṣeré ní “she”, nítorí abo ni “la voiture”. Á tún kọ “a car red”, níbi tí Faransé àti Yorùbá ti jọ dìtẹ̀ mọ́ ọn: “voiture rouge”, ọkọ̀ pupa. Ẹ fi òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé nílé sídìí ohun ìṣeré kan náà. Yorùbá ni wọ́n á fi jiyàn, ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì á sì kọ́ ẹnìkejì.

Ẹ rọra pẹ̀lú bírò pupa

Irú àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ tún ṣe nínú ìjókòó kan. Bí “he” àti “she” bá jẹ́ ti òní, ẹ jẹ́ kí sípẹ́lì dọ̀la. Nínú àròkọ WAEC pàápàá, tí àwọn ọmọ wa máa ṣe bí wọ́n bá dàgbà, máàkì 50 ni wọ́n ń pín: 10 péré ni ti gírámà, sípẹ́lì àti àmì. 40 tó kù wà fún ohun tí ọmọ ní í sọ, bó ṣe tò ó, àti bó ṣe lo èdè. Ọmọ tí ẹ ti fi bírò pupa dẹ́rù bà á á máa kọ gbólóhùn tí kò ní àṣìṣe, tí kò sì sọ nǹkan kan.

Kó tún ní ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Ẹni tó ra ohun ìṣeré náà ló tọ́ sí jù. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín tàbí àǹtí lórí WhatsApp, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fèsì sí ohun tí ọmọ sọ, kì í ṣe “well done” lásán.

Bí bátìrì bá wá tán, tàbí tí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀ láti wo ohun tó ń mú un dún, ìgbà yẹn gan-an ni àròkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn. Ohun ìṣeré tó bàjẹ́ ní ìtàn ju èyí tó wà nínú páálí lọ, ó sì ń fi ipá mú ọmọ lo ọ̀rọ̀ ìṣe tó ti kọjá. “Fọ́” kan náà ni Yorùbá ń lò fún àná àti ọ̀la, ṣùgbọ́n “break” gbọ́dọ̀ di “broke”, “see” gbọ́dọ̀ di “saw”. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kọ irú èyí: “My red car broke on Sunday. I opened it with a spoon. I found a small wire inside. My brother said he did not touch it, but I saw him.”

Ẹ wá bi í léèrè ohun tí àbúrò rẹ̀ wí sí i, kó kọ ọ́ kún un.