Ẹkùn Mẹ́ran Lórí Pápá Tẹníìsì

Ẹni tó bá kó bọ́ọ̀lù tẹníìsì àwọn àgbà fún ọmọ ọdún márùn-ún, ìyà ló fi jẹ ẹ́. Bọ́ọ̀lù náà yóò ta lálẹ̀, yóò fò kọjá orí rẹ̀; kò ní í pẹ́ tí ọmọ yóò fi ju rákẹ́ẹ̀tì nù, tí yóò ní òun kò ṣe mọ́. Láti ọdún 2012 ni àjọ tẹníìsì àgbáyé, ITF, ti ṣòfin pé bọ́ọ̀lù tó rọ̀ ni kí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ máa fi díje. Pápá àwọn tó kéré jù kò ju nǹkan bíi mítà 11 sí 13 lọ. Ti àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù nìkan kọ́. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í to òfin sílẹ̀ fún ọmọdé, eré ló ń bá wọn ṣe. Yóò ní ẹyin ni bọ́ọ̀lù tó wà lórí rákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé e dọ́jà láìfọ́. Ẹkùn mẹ́ran ilé wa pàápàá bá a mu: ewúrẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sórí rákẹ́ẹ̀tì, ẹkùn ń lé e bọ̀, bí bọ́ọ̀lù bá jábọ́, ẹkùn ti pa á jẹ nìyẹn. Ẹ̀rín ni ọmọ ń rín, kò mọ̀ pé ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀ òun ni wọ́n ń kọ́. Àwọn òbí tó ń pariwo “gbá a dáadáa” lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló sábà máa ń ba eré náà jẹ́.