Gìtá Oníke Nílé Mẹ́rin: Bí Yíyan Ẹ̀rọ Ṣe Di Ọ̀ràn fún Olólùfẹ́ Guitar Hero

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2007, ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Amẹ́ríkà láti ra Guitar Hero III máa bá àwọn páálí gígùn gbọọrọ tí wọ́n tò léra wọn. Géèmù kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, gìtá oníke ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àfi tí èèyàn bá wo òkè páálí dáadáa ni yóò rí i pé orúkọ ibẹ̀ yàtọ̀: PlayStation 2, PlayStation 3, Xbox 360, Wii. Ohun tí ọlọ́jà á kọ́kọ́ béèrè ni pé èwo lẹ ní nílé. Ìbéèrè kékeré ni létí, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ ló máa pinnu irú gìtá tí oníbàárà yóò máa gbé kọ́rùn, àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò lè bá ṣeré, àti bóyá orin tó bá fowó rà yóò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọdún méjì péré ṣáájú ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ilé kan ṣoṣo ni Guitar Hero ní.

Láti ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ní ọdún 1995, Alex Rigopulos àti Eran Egozy, tí wọ́n pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, dá ilé-iṣẹ́ Harmonix sílẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí ẹni tí kò mọ ohun èlò orin kankan lò náà lè tọ́ adùn rẹ̀ wò. Wọ́n ṣe Frequency ní 2001, wọ́n ṣe Amplitude ní 2003. Àwọn tó mọ géèmù yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ọjà kò tà. Páádì lásán ni èèyàn ń tẹ̀ nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Japan ti ń gbé gìtá kọ́rùn nídìí GuitarFreaks, géèmù tí Konami ṣe sí àwọn ilé ìṣeré onísísì.

Ní California, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Kai Huang àti Charles Huang, ní ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ RedOctane. Géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹní ijó tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú Dance Dance Revolution. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹní ijó wá rò ó pé àwọn lè ṣe gìtá, wọ́n sì tọ Harmonix lọ pé kí wọ́n bá àwọn ṣe géèmù tó máa bá a lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi ṣe é. Lóṣù kọkànlá ọdún 2005, Guitar Hero jáde ní Amẹ́ríkà, tòun ti gìtá rẹ̀, ní nǹkan bí 70 dọ́là.

Bí gìtá Gibson SG ni wọ́n ṣe gbẹ́ ike náà. Bọ́tìnnì márùn-ún wà lọ́rùn rẹ̀: àwọ̀ ewé, pupa, ìyeyè, búlúù àti ọsàn. Igi pẹlẹbẹ kan wà láàárín ikùn tí ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ sókè-sódò, bí ẹni ń fa okùn gìtá. Àwọn àmì aláwọ̀ á máa ṣàn bọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, bí àmì bá ti kan ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ ni.

PlayStation 2 nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Nínú oṣù kan náà tí géèmù yìí jáde ni Sony kéde pé iye PlayStation 2 tí àwọn ti kó jáde káàkiri ayé ti pé 100 mílíọ̀nù. Ẹni tó fẹ́ ta gìtá tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ibi tí èrò pọ̀ sí ló máa gbé e lọ. Wáyà gìtá náà sì ń wọ ojú ihò tí páádì ń wọ̀, ó parí.

Owó ló yí ìtàn padà. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ géèmù Activision ra RedOctane ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà, MTV ra Harmonix ní 175 mílíọ̀nù. Bí ilé ṣe pín nìyẹn: orúkọ Guitar Hero àti gìtá rẹ̀ lọ sọ́wọ́ Activision, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sè é lọ sọ́dọ̀ MTV. Activision gbé Guitar Hero III fún ilé-iṣẹ́ Neversoft. Harmonix ní tiwọn jókòó ti iṣẹ́ tuntun, wọ́n fi ìlù àti makirofóònù kún gìtá, wọ́n pè é ní Rock Band. Oṣù kọkànlá 2007 ló jáde, odindi rẹ̀ nínú páálí kan jẹ́ 170 dọ́là.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀rọ tuntun mẹ́ta ti wọlé. Xbox 360 dé ní òpin 2005, PlayStation 3 àti Wii tẹ̀ lé e ní òpin 2006. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Microsoft ní èdè ìkọ̀kọ̀ tí ohunkóhun tí kò ní wáyà gbọ́dọ̀ fi bá Xbox 360 sọ̀rọ̀, ẹni tí wọn ò bá fún láṣẹ kò lè sọ ọ́. Gìtá ti PlayStation 3 ń bá USB kékeré kan wá tí wọ́n ń ki bọ ara ẹ̀rọ. Bí USB náà bá sọnù, gìtá di ohun ìṣeré ọmọdé. Ti Wii tún yàtọ̀: ikùn gìtá ṣófo, rìmóòtù Wii fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tì bọ inú ibẹ̀. Ẹni tó sì ní gìtá PlayStation 2 kò lè kì í bọ PlayStation 3 láìra ohun àlẹ̀mọ́ mìíràn, torí Sony ti yí ojú ihò padà.

Bí èèyàn bá ra gángan l'Ọ́yọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kó má lù ú l'Ábẹ́òkúta. Gìtá oníke yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo kan ṣoṣo ni wọ́n bí i sí.

Kí ni olóye oníbàárà máa wá ṣe? Ẹ jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò bí wọ́n ṣe rí nígbà náà. PlayStation 2 ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn, àmọ́ orin tó wà nínú àwo ni òpin. Kò sí bí èèyàn ṣe máa ra tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wii rọrùn, ọmọdé-àgbà ló fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ kò ju 512 mẹ́gábáìtì lọ. Kí lèèyàn máa rí kó síbẹ̀? Rock Band àkọ́kọ́ tó dé orí Wii ní 2008 kò tilẹ̀ fàyè gba orin àfikún. Èyí tó tún burú ni pé ohùn Guitar Hero III orí Wii kò pín sí ọ̀tún àti òsì bó ṣe yẹ. Àwọn oníbàárà fẹjọ́ sùn, Activision sì gbà láti pààrọ̀ àwo náà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku Xbox 360 àti PlayStation 3. Àwọn méjèèjì gba orin àfikún. Wọn kì í gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn ṣeré lórí PlayStation 3, ti Xbox sì ń béèrè owó ọdọọdún. Síbẹ̀, Xbox 360 ló kọ́kọ́ gba Guitar Hero II nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, ní oṣù kẹrin 2007, pẹ̀lú orin mẹ́wàá tí kò sí nínú ti PlayStation 2. PlayStation 3 kò rí géèmù náà gbà rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti hàn kedere ni ìgbà tí Rock Band jáde. Lórí Xbox 360, gìtá Guitar Hero III ń ṣiṣẹ́ nínú Rock Band láìsí àríyànjiyàn. Lórí PlayStation 3, kò ṣiṣẹ́. Harmonix sọ ní gbangba pé àwọn ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ tán, Activision ni kò jẹ́ kó jáde. Activision dáhùn pé àwọn nawọ́ àdéhùn sí wọn, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó di 2008 kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà tó fẹnu kò kí gìtá ilé kan lè ṣeré nílé kejì lórí PlayStation 3. Láàárín àkókò náà, ẹni tó fẹ́ ṣe méjèèjì níbẹ̀ ní láti ra gìtá méjì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àwo géèmù kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Gìtá lèèyàn ń rà. Àwọn tó ra Guitar Hero: On Tour fún Nintendo DS ní 2008 rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ nínú géèmù yẹn ń wọ ihò kejì tó wà lára DS. Nígbà tí Nintendo mú DSi jáde, wọ́n yọ ihò náà kúrò. Géèmù wọ inú ẹ̀rọ tuntun, gìtá kò ríbi wọ̀.

Ìlù tó bá dún jù, yíya ló máa ń ya. Ní January 2009, Activision fọ́nnu pé Guitar Hero III ni géèmù àkọ́kọ́ tí àwo kan ṣoṣo rẹ̀ pa ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Lọ́dún yẹn, ọjà kún àkúnya: Guitar Hero ti Metallica, ti Van Halen, Guitar Hero 5, Band Hero, Rock Band ti The Beatles, Rock Band ti Lego. Páálí ńlá kò ráyè mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kò ráyè ní yàrá. Ní òpin 2010, Viacom, tó ni MTV, ta Harmonix. Ní February 2011, Activision ti ẹ̀ka Guitar Hero pa.

Nígbà tí Rock Band àti Guitar Hero padà wá ní 2015, ìpinnu ọdún 2007 dìde bí gbèsè àtijọ́. Rock Band 4 jáde fún PlayStation 4 àti Xbox One. Harmonix ṣe ohun kan tó dára: ẹni tó bá ti ra orin sẹ́yìn lè tún kó wọn wọlé láìsan owó mìíràn, ó sì ju 1,500 orin lọ tó wà nílẹ̀. Àmọ́ àfi nínú ìdílé kan náà. Orin Xbox kò lè kọjá sí PlayStation. Àwọn oní-PlayStation tí wọ́n tọ́jú USB kékeré wọn kàn kì í bọ PlayStation 4 ni, gìtá àtijọ́ sì jí. Àwọn oní-Xbox ní láti ra ohun àlẹ̀mọ́ kan, nítorí Xbox One kò gbọ́ èdè ìkọ̀kọ̀ Xbox 360 mọ́. Èèyàn tó yan Xbox ní 2007 torí kó má ba à ra gìtá méjì wá rí ara rẹ̀ nídìí owó tuntun.

Activision ní tiwọn fi bọ́tìnnì mẹ́fà sí gìtá Guitar Hero Live, dúdú mẹ́ta, funfun mẹ́ta. Orin 42 ló wà nínú àwo, àwọn yòókù tó ju 400 lọ ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá 2018, wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń gbé orin náà wá, ó wá ku 42. Ẹ̀rọ yòówù kí èèyàn ti rà á sí, ìyà kan náà ló jẹ wọ́n.

Ó yẹ ká dárúkọ Rocksmith tí Ubisoft gbé jáde ní 2011, torí ó gba ọ̀nà mìíràn. Gìtá gidi, onírin àti onígi, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Okùn USB kan ló so ó mọ́ ẹ̀rọ, okùn kan náà sì ń ṣiṣẹ́ lára PlayStation 3, Xbox 360 àti kọ̀ǹpútà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohùn lè pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde bó bá gba inú tẹlifíṣọ̀n kọjá. Ẹni tó ń fa okùn gìtá tí kò gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ kò lè bá orin rìn.

Lónìí, Harmonix ti wà lọ́wọ́ Epic Games láti 2021. Ní January 2024 ni wọ́n dẹ́kun gbígbé orin tuntun jáde fún Rock Band 4, Fortnite Festival ló sì gbapò rẹ̀. Lọ́dún kan náà, gìtá tuntun tó ń jẹ́ Riffmaster dé. Ọ̀kan wà fún PlayStation, ọ̀kan wà fún Xbox. Ogún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ìbéèrè ọlọ́jà kò tíì yí padà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn eré yìí wá forí lé ni orí kọ̀ǹpútà, nídìí Clone Hero, géèmù ọ̀fẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ṣe. Gìtá Wii tí wọ́n fojú kéré nígbà kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá fi ohun àlẹ̀mọ́ olówó pọ́ọ́kú sí i. Gìtá Xbox 360 àti ti PlayStation 3 náà ń rí àyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra irú géèmù yìí, ẹ má ṣe ti orí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá gìtá. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ béèrè USB rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó, kí ẹ wo bọ́tìnnì márààrún, kí ẹ tẹ igi àárín wò sókè-sódò. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín léèrè ohun tó wà nílé wọn. Bí gìtá bá ti wà lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ilé tó ti wá fún yín, ilé náà sì ni kí ẹ ra géèmù sí.