Àrùn tí eku gbé wọ ọkọ̀ ojú omi

Ẹ̀yin ará, bí eku bá ń kú nínú ilé yín láìjẹ́ pé ẹnì kan fún wọn ní májèlé, kí ni ẹ máa rò?

Àrùn kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní «la peste». Láti ọdún 1347 dé 1351, ó pa tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Yúróòpù, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó ní ènìyàn mẹ́sàn-án, ẹ yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀.

Níbo ló ti wá? Lẹ́bàá adágún Issyk-Kul, ní Kyrgyzstan ní ilẹ̀ Éṣíà, ibojì àwọn tó kú ní 1338 àti 1339 wà níbẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí àmì àrùn náà nínú eyín àwọn òkú yẹn. Ọ̀nà àwọn oníṣòwò gba ibẹ̀ kọjá. Ní 1346 àrùn dé Kaffa, ìlú èbúté kan létí Òkun Dúdú. Ní oṣù kẹwàá 1347, ọkọ̀ àwọn ará Genoa gbé e dé Messina, ní Ítálì. Kí ọdún tó parí ó ti dé Marseille. Ní 1348, ó wọ Paris àti London.

Báwo ló ṣe ń ràn? Kòkòrò kékeré kan tí ń fò máa ń mu ẹ̀jẹ̀ eku. Tí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, kòkòrò á fi í sílẹ̀, á wá ènìyàn bù jẹ. Ibà á mú ẹni náà, kókó á yọ sí i ní abíyá tàbí níbi tí itan ti so mọ́ ara. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kú. Eku sì ń bá ọkà wọ ọkọ̀. Ta ló ń ka eku mọ́ ẹrù?

Wọn ò mọ̀, ni wọ́n bá ń wá ẹni tó ṣe é. Wọ́n ní àwọn Júù ló da májèlé sí kànga. Póòpù Clement VI sọ ní 1348 pé àrùn ń pa Júù náà bó ṣe ń pa àwọn yòókù, wọn ò gbọ́. Ní oṣù kejì 1349, ní Strasbourg, wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀lọpọ̀ Júù. Àrùn ọ̀hún ò sì tíì dé ìlú náà rárá!

Ó di 1894 kí dókítà Yersin tó rí kòkòrò àrùn náà ní Hong Kong. Ní 1898, dókítà Simond, ará Faransé, fi hàn ní Karachi pé kòkòrò tí ń fò lára eku ló ń gbé e kiri.

Àrùn yìí ò tíì tán láyé: ó jà ní Madagascar ní 2017. Ṣùgbọ́n oògùn ilé ìwòsàn ń wò ó, tí a bá tètè lò ó. Eku tó bá kú lójijì nínú ilé, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e.