Yíyan Ilé fún Àwòrán Ẹgbẹ́ lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kó àwòrán ìlú rẹ̀ jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ayálégbé ni: orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni àwòrán náà yóò máa gbé.

Ní 2017, Photobucket, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, béèrè 399 dọ́là lọ́dún lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ máa hàn lórí ìkànnì mìíràn. Lójijì ni àwòrán pòórá ní ìkànnì púpọ̀.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wo àyè: àwòrán 5,000, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 4, yóò gba gígábáìtì 20. Kí wọ́n béèrè iye tí onílé yóò gbà bí òǹwòran bá pọ̀ sí i, àti bí wọn yóò ti kó ẹrù wọn jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí lọ. Kí orúkọ ìkànnì jẹ́ ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti akọ̀wé. Kí ẹ̀dà gbogbo àwòrán sì wà nílé. Bí onílé bá lé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ilé nìkan ni yóò pàdánù.