Eyín Tó Kán Lẹ́nu Ọmọdé, àti Gbòǹgbò Tí Kò Tíì Gbó

Ní Abẹ́òkúta, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, bí eyín àkọ́hù ọmọdé bá yọ, orí òrùlé ni wọ́n ń jù ú sí kí alángbá má baà rí i. Àṣà náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé eyín tó rọ́pò rẹ̀, èyí tí ọmọ yóò fi jẹun dọjọ́ ogbó, ni ó kán níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò yẹ kí a ju ìdá rẹ̀ nù, nítorí pé dókítà eyín lè lẹ̀ ẹ́ padà bí a bá gbé e wá nínú omi mímọ́, kí ó má baà gbẹ.

Ibi tí kíkán náà dé ni ìtọ́jú dúró lé. Èèpo líle tó ń dán ló bo eyín lókè, kò sì mọ ìrora. Bí òun nìkan bá bù, dídán ojú rẹ̀ lè tó. Abẹ́ rẹ̀ ni ara eyín tó pọ́n díẹ̀ wà, èyí tí omi tútù máa ń ta, tó sì gbọ́dọ̀ di bíbò kíákíá. Bí ojú pupa bíńtín bá hàn láàrin ibi tó kán, ẹran inú eyín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wà, ti yọ síta nìyẹn.

Abẹ́ èrìgì ni ọ̀rọ̀ ọmọdé ti yàtọ̀ sí ti àgbà. Eyín iwájú òkè máa ń hù nígbà tí ọmọ bá wà láàrin ọdún 7 sí 8, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún lo nǹkan bí ọdún 3 kí ó tó gùn tó, kí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ tó pa dé. Ẹran inú eyín ló ń mọ gbòǹgbò náà. Bí ó bá kú kí iṣẹ́ tó parí, gbòǹgbò yóò dúró ní kúkúrú, ògiri rẹ̀ yóò sì fẹ́lẹ́ débi pé eyín náà lè dá lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń ge àgbàdo sísun jẹ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí Miomir Cvek, dókítà eyín ní Sweden, gbé jáde ní 1978 fi ṣe iyebíye: kàkà kí a kó gbogbo ẹran inú eyín dànù, nǹkan bíi mìlímítà 2 tó fara gbọgbẹ́ ni a ó gé, a ó fọ ojú rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, a ó fi oògùn bíi calcium hydroxide bò ó, a ó sì dí i pa.

Ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, irú èyí tó wà ní Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ti eyín rárá, bí kò ṣe bóyá ọmọ dákú tàbí ó bì, nítorí orí ṣáájú ẹnu. Dókítà yóò fọwọ́ tẹ ètè tó bá ya wò, torí ìdá eyín lè há síbẹ̀, yóò sì ya fọ́tò ẹ́síréè. Yóò tún fi ohun tútù kan eyín náà. Síbẹ̀, eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara gbá lè má dáhùn fún oṣù mélòó kan láìjẹ́ pé ó ti kú, nítorí náà ìkánjú láti yọ ọ́ kò bójú mu.

Bí ó bá jẹ́ odindi eyín ló yọ tigbòǹgbòtigbòǹgbò, orí rẹ̀ ni kí a dì mú, kí a má fọwọ́ kan gbòǹgbò, kí a ṣàn án wéré, kí a sì tì í padà sáàyè rẹ̀. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, inú mílíìkì tàbí itọ́ ọmọ náà nínú ife ni kí a fi sí, kì í ṣe inú omi, kí a sì sáré dé ilé ìwòsàn kí wákàtí kan tó kọjá. Eyín àkọ́hù kò sí nínú èyí: a kì í tì í padà, torí ó lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó ń pa eyín púpọ̀ ni pé ìrora ti lọ, àwọn òbí sì gbà pé ó ti tán. Eyín lè kú láìró, kí ó dúdú, kí kókó ọlọ́yún sì yọ lérìgì lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pe ọmọ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, lẹ́yìn oṣù 3, oṣù 6 àti ọdún kan, tí wọ́n ń fi fọ́tò tuntun wé ti àtijọ́ láti mọ̀ bóyá gbòǹgbò ṣì ń gùn sí i.