Kwashiorkor: Ṣé àìjẹ ẹran àti ẹyin nìkan ló ń mú kí ara ọmọ wú?

Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méjì wú, ojú rẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ọmọ náà ń sanra ni.

Àmọ́ tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tí ojú ibẹ̀ sì jìn wọnú, omi ló kún ara ọmọ náà, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀kan lára àmì àrùn kwashiorkor nìyẹn, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ tí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé àìjẹ oúnjẹ amúaradàgbà bíi ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ló ń fa àrùn yìí. Ìwádìí ti wá fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé àwọn oògùn kan tí òbí ń fi ìfẹ́ rà fún ọmọ tí ara rẹ̀ wú lè dá kún ìṣòro rẹ̀.

Ibo ni orúkọ kwashiorkor ti wá?

Èdè Ga, tí wọ́n ń sọ ní Accra àti agbègbè rẹ̀ lórílẹ̀-èdè Ghana, ni orúkọ náà ti wá.

Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jamaica tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, kọ̀wé nípa àrùn náà lọ́dún 1933. Nígbà tó di ọdún 1935, ó fi orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, gbogbo ayé sì gbà á lò.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn ọmọ tí àbúrò gba àyè rẹ̀. Ìyá lóyún mìíràn, ó gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ọmọ wá kù sórí ẹ̀kọ àgbàdo nìkan.

Kí ló mú kí àwọn onímọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè?

Àkọ́kọ́ ni pé àwọn ọmọ tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà kì í ní àrùn kan náà. Ọ̀kan á wú, èkejì á kàn rù.

Ìwádìí kan lórí orísìí ìbejì 317 ní Malawi, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2013, rí àwọn ìdílé tí ìbejì kan ti ní àrùn àìjẹunkánú, tí èkejì kò sì ní in.

Èkejì ni pé mílíìkì pàtàkì tí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ ń fún àwọn ọmọ yìí, tí wọ́n ń pè ní F-75, kò ní èròjà amúaradàgbà púpọ̀. Síbẹ̀ wíwú náà ń lọ sílẹ̀.

Kí ni 'oxidative stress'?

Ẹ wo iṣu tí a bẹ tí a kò fi sómi, kì í pẹ́ tí ara rẹ̀ fi máa ń dúdú. Ẹ wo àdá tí a gbàgbé sóko, yóò dógùn-ún. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá àwọn méjèèjì jà.

Ohun tó jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara èèyàn. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú ni ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára. Àmọ́ bí iná igi ṣe máa ń ta pàràpàrà, iṣẹ́ yìí náà ń mú àwọn èròjà kan jáde tó lè ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. 'Free radicals' ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn àìsàn tí kòkòrò ń fà máa ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i.

Ara ní ohun tó fi ń pa iná yìí, àmọ́ inú oúnjẹ ló ti ń rí irinṣẹ́ rẹ̀: selenium, zinc, copper, riboflavin, fítámì C àti fítámì E. Bíńtín ni ara nílò nínú wọn, ṣùgbọ́n bíńtín yẹn ṣe pàtàkì.

Nígbà tí iná bá ń ràn tí omi tí a fi ń pa á kò tó, òun ni 'oxidative stress'.

Lọ́dún 1987, Michael Golden, dókítà tó ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ tí kò jẹunkánú ní Jamaica, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé ohun tó ń fa kwashiorkor nìyí. Lára ẹ̀rí wọn ni pé glutathione, ọ̀kan lára ohun tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà.

Ṣé kí a wá máa ra oògùn antioxidant fún ọmọ?

Wọ́n dán an wò ní Malawi. Ọmọ 2,372, láti ọdún 1 sí 4, ló kópa. Fún ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n fún àwọn kan ní àfikún riboflavin, fítámì E, selenium àti N-acetylcysteine. Àwọn tó kù gba èyí tí kò ní èròjà kankan nínú.

Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ lọ́dún 2005. Ọmọ 39 ló ní kwashiorkor lára àwọn tó gba àfikún náà, ọmọ 23 lára àwọn tí kò gbà á. Ìyàtọ̀ náà kò tó láti sọ pé àfikún yìí ló ṣe wọ́n ní jàǹbá, àmọ́ ó hàn pé kò dáàbò bò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kan àgbà pẹ̀lú. Ní Finland, wọ́n ṣèwádìí lórí ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá. Èsì ọdún 1994 fi hàn pé àwọn tó lo oògùn beta-carotene ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn tí kò lò ó lọ, pẹ̀lú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èyí kò sọ pé kárọ́ọ̀tì tàbí epo pupa, tí beta-carotene wà nínú wọn, burú. Oúnjẹ yàtọ̀ sí oògùn tí wọ́n kó èròjà kan ṣoṣo jọ sínú rẹ̀.

Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò bóyá 'oxidative stress' ló ń fa kwashiorkor, tàbí àrùn náà ló ń fà á.

Kí ló dé tí oògùn ẹ̀jẹ̀ fi léwu?

Ojú ọmọ funfun, ìyá ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ó jọ pé ọgbọ́n ló dá. Iron tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ wúlò, àmọ́ nínú ara tó dá ṣáṣá, ara máa ń dè é mọ́lẹ̀. Nínú ọmọ tí àìjẹunkánú ti mú gan-an, ohun tí ara fi ń dè é ti kéré. Iron tó bá ń rìn kiri lè mú kí free radicals pọ̀ sí i, kòkòrò àrùn náà sì lè máa fi ṣe oúnjẹ.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ní kí wọ́n má fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní iron níbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, àfi tó bá ti ń jẹun dáadáa tó sì ti ń tóbi sí i. WHO tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún un ní oògùn tó ń múni tọ̀ láti fi fa omi ara rẹ̀.

Kí ni òbí lè ṣe?

• Tí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kọ́kọ́ dúró ra oògùn.

• Tí wọ́n bá fún yín ní RUTF, oúnjẹ èpà inú ọ̀rá tí wọ́n tún ń ṣe ní Niamey, Niger, ẹ má pín in fún àwọn ọmọ yòókù. Oògùn ọmọ tó ń ṣàìsàn ni. Iron wà nínú rẹ̀, ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un.

• Láti oṣù mẹ́fà, ẹ má fi ògì nìkan bọ́ ọmọ. Ẹ fi sóyà, èpà, edé gígún tàbí ẹyin sí i, kí ẹ sì máa fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso. Ẹ jẹ́ kó máa mu ọmú títí di ọdún méjì, ó kéré tán.

• Ẹ máa gbé ọmọ lọ wọ̀n. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956, máa ń fi ìlà sí ìwọ̀n ọmọ lórí káàdì. Káàdì irú rẹ̀ ló tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Tí ìlà náà kò bá gòkè mọ́, ẹ ti rí ìkìlọ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú.